Ọbẹ̀ Tí Kò Níyọ̀ Tí Ìyàwó Mi Ń Bù fún Ọkùnrin Mìíràn

Ẹ̀yin ará page yìí, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má sì gbé orúkọ mi jáde. Mo parọ́ fún ẹni tó ṣe mí lóore, irọ́ yẹn fẹ́ẹ̀ pa á, títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí kò mọ̀ pé irọ́ ni. Owú ló fà á. Èmi ò kàwé jìnnà, JSS 3 ni mo ti dúró, ẹ fojú fo àṣìṣe mi.

Wẹ́dà ni mí ní Siluko Road, ní Benin níbí. Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí, ẹ jẹ́ n pè é ní Bọ̀dá Láyí, ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, ìlú kan náà la ti wá. Òun ló gbà wá sílé ní Ogida nígbà tí èmi àti ìyàwó mi kọ́kọ́ dé, òun náà ló bá wa wá yàrá tá a wà. Ìyàwó tiẹ̀ ṣì wà nílé lọ́hùn-ún, òun nìkan ló ń dá gbé. Ìyàwó tèmi ń ṣiṣẹ́ ní kẹ́mísì, ó mọ̀ ọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ni wọ́n bá ní kó gbé ẹ̀rọ BP wá síbi ìpàdé àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ha, ẹ wá wo bí àwọn baba ṣe ń sá! Ọ̀kan ní àìsàn kì í ṣe ìpín òun lórúkọ Jésù, òmíràn ní òun ń lọ tọ̀, kò padà wá mọ́. Èmi ọkọ ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá gan-an, mo sá... Bọ̀dá Láyí na apá ní tiẹ̀. Tiẹ̀ ga gan-an. Dókítà fún un lóògùn, ní kó máa lò ó lójoojúmọ́, kó má jẹ iyọ̀ púpọ̀, torí ọkàn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń yà nílé wa, ìyàwó mi á so aṣọ ẹ̀rọ BP yẹn mọ́ ọn lápá, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Tó bá ń se ọbẹ̀, ó máa kọ́kọ́ bu tiẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó fi iyọ̀ sí tiwa. Ọ̀sán tó bá tó, á pè é lórí fóònù, bọ̀dá, ṣé ẹ ti lo oògùn yín? Èmi tí mò ń gbé irin látàárọ̀, ta ló ń bi mí léèrè nǹkan kan? Ká sòótọ́, ìyàwó mi ní kí n na apá tèmi náà, mo ní ṣé mo dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ni. Mo kọ̀ ọ́, mo tún ń jowú ẹni tó gbà á... ṣé orí mi pé báyìí? Ọmọ Edo kan tó ń ta rọ́ọ̀dù ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù wa rí ìyàwó mi tó gbé oúnjẹ Bọ̀dá Láyí wá, ó pariwo pé, “Bros, na who get this wife sef? You abi your oga?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó jó mi dénú egungun.

Lọ́jọ́ kan tí èmi àti Bọ̀dá Láyí jọ ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù, mo sọ fún un pé oògùn yẹn máa ń pa nǹkan ọkùnrin, pé ẹnì kan lò ó ní Ekosodin, ìyàwó ẹ̀ sá lọ. Kò sí ẹnì kankan ní Ekosodin. Mo mọ̀ pé ìyàwó Bọ̀dá Láyí ti ń palẹ̀ mọ́ láti wá bá a, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn máa bà á. Ó dá òkèlè dúró, ó ní, “Àbúrò, má fi mí ṣeré o.” Mo búra. Bó ṣe pa oògùn tì nìyẹn, kò yà nílé wa mọ́, inú mi sì dùn... Ọlọ́run dárí jì mí.

A ń gbé géètì kan sókè ló ṣubú. Kẹ̀kẹ́ márúwá la fi gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga kọjá ààlà, pé ó ti ń yọ ọkàn rẹ̀ lẹ́nu, ṣé kì í lo oògùn ni? Bọ̀dá Láyí ní òun máa ń gbàgbé. Kò dárúkọ mi. Ìyàwó mi ń sunkún pé òun ló yẹ kóun máa ṣọ́ ọ dáadáa.

Mo fi ọgbọ́n bi ìyàwó mi bóyá lóòótọ́ ni oògùn yẹn ń pa nǹkan ọkùnrin. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní, “Ṣé ó ń yọ yín lẹ́nu ni?” Ó rò pé tèmi ni! Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra ẹ̀ lè ba nǹkan yẹn jẹ́, pé tí oògùn kan bá ń da ọkùnrin láàmú, kó sọ fún dókítà, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀, kéèyàn má kàn dá a dúró fúnra ẹ̀.

Bọ̀dá Láyí ti padà sílé báyìí. Lánàá ó gbé tìmùtìmù sókè, ó fi oògùn hàn mí lábẹ́ ẹ̀, kò tíì fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ó ní ó di ìgbà tí ìyàwó òun bá wá tó bá lọ kóun tó lò ó, pé èmi àti òun nìkan la mọ̀ ọ́n. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ó ní ọmọ ìyá ló ń sọ irú ẹ̀ fúnni.

Ẹ̀yin ará, tí mo bá ní irọ́ ni, á bi mí pé kí ló dé tí mo fi parọ́, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé mo fura sí i pẹ̀lú ìyàwó mi? Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó mi ni, kó gbà á sílẹ̀, kó wá kórìíra mi? Àbí kí n wá irọ́ mìíràn tó máa jẹ́ kó lo oògùn? Bọ̀dá Láyí ní kí n wá bá òun to bẹ́ẹ̀dì tuntun nírọ̀lẹ́ yìí, ọ̀la ni ìyàwó ẹ̀ ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn... tí mo bá wọlé tọ̀ ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?