Ìlù Àkùkọ Nígbà Igógo

Ọjọ́ Ajé, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà, 1956
Mo dé. Ilé-ẹ̀kọ́ orin àti eré ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n sítọ́ọ̀ kòkó ni tẹ́lẹ̀, òórùn kòkó ò sì tíì kúrò lára ògiri. Ọmọ kan ń kọrin níwájú dígí. Ọ̀kan ń ṣubú, ó ń dìde, ó tún ń ṣubú – bí wọ́n ṣe ń kú lórí ìtàgé ló ń kọ́. Inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo máa fi kọ́ṣẹ́ tíṣà níbí, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé, ọ̀gá àgbà, ará Abẹ́òkúta, ló sì máa kọ ìwé ẹ̀rí mi. Oṣù Júùnù ló dé Ọ̀wọ̀. Ó máa ń na ọrùn bó bá ń rìn. Láàárín èmi àti ìwé yìí, Àkùkọ lorúkọ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5
Mo kọ́ àwọn ọmọ ní orin tí mo fúnra mi ṣe, ní èdè Ọ̀wọ̀ wa, nípa ìyá mi níbi tó ti ń sá kòkó. Wọ́n ń gbè é dáadáa. Àkùkọ wọlé, ó ní kí n dákẹ́, èdè oko nìyẹn. Ó sín mi jẹ lójú wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àní Janet, ọmọ àdúgbò wa.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 10
Orin mi rèé lára pátákó. Ó ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá inú ìwé, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ pé òun lòun ṣe é. Ohùn orin – kò yí ìyẹn padà rárá. Olè. Olè tó wọ táì. Mo sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ pé sà, orin mi ni. Ó ní kí n rántí ẹni tó máa kọ ìwé ẹ̀rí mi. Màá san án fún un. Bí mo ṣe máa san án ni mi ò tíì mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13
Ọlọ́run kì í sùn. Àkùkọ fẹ́ kó àwọn ọmọ gba ọjà kọjá ní Sátidé, pẹ̀lú ìlù ńlá mẹ́rin, kí ìlú lè mọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nínú ọdún Igógo. Ọmọ Ọ̀wọ̀ wo ni ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í lu ìlù títí ọdún yìí fi máa parí, àfi agogo? Ó wá bi mí, èmi gan-an: Mísì Ìbílọlá, ìwọ lọmọ ìlú, ṣé kò sí ohun tó lè dí wa lọ́wọ́? Mo ní kò sí, sà.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Janet bá mi lẹ́yìn ilé. Ó ní, Àǹtí, ẹ ò ní sọ fún ọ̀gá ni? Òun ò láyà – ẹni tó bá sọ̀rọ̀ láìpè, pàṣán ni. Mo ní kó gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Sátidé, 15
Wọn ò tíì dé àárín ọjà tí àwọn ìránṣẹ́ ààfin fi gba ìlù. Wọ́n fa Àkùkọ ní táì lọ sí ààfin. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníṣu, mo ń wò ó. Ó dùn mọ́ mi dé eegun.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Àwọn ìjòyè ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n wá bi í pé ta ló bi léèrè, ó sì dárúkọ mi.

A ò tíì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi dé ilé wa. Wọ́n ní Bàbá ló máa mú ewúrẹ́ ètùtù wá, kò sì gbọdọ̀ bá wọn jó lọ́dún yìí. Bàbá tó ti di irun bí obìnrin sílẹ̀, bí àṣà ijó náà. Kò nà mí. Ó kàn ń wò mí.

Ìgbà yẹn ni Àkùkọ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, Bàbá, ẹ má bínú sí i, ó gbàgbé ni, iṣẹ́ tí mo kó lé e lórí ló pọ̀ jù. Ó gbójú sókè wò mí. Ó mọ̀ pé mi ò gbàgbé.

Bàbá bi mí pé ṣé bó ṣe rí nìyẹn.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, mo gbàgbé ni.

Mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni tó báyìí rí.