Ìka Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Màmá Àgbà

Oǹdó

Àǹtí Bísọ́dún mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Kánádà, ẹ̀yin, ọkọ yín àtàwọn ọmọ? Èmi fúnra mi ni mo kọ Yorùbá yìí, èmi tí mi ò gbọ́ ọ dáadáa kí n tó wá máa gbé lọ́dọ̀ Màmá Àgbà. Bí àmì kan bá ṣìnà, ẹ bá mi tún un ṣe. Orúnkún ń dun Màmá Àgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí lẹ́tà yìí nìyí. Nígbà tí mo lọ sí Àkúrẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ wá sílé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ìjọba ló rán òun. Màmá fún un lómi tútù, wọ́n tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí ẹ̀rọ náà, ó sì ya ojú wọn. Mo ti béèrè ní káńsù àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ gbà fún un?"

Wọ́n ní, "Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ báyẹn, kí n lé e? Ìwọ tó o fi ìdúró kí mi títí di ọdún tó kọjá. Ṣé ó gé ìka mi lọ ni?"

Ká ní kọ́kọ́rọ́ ló gbé lọ, à bá pààrọ̀ àgádágodo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà, ṣé ọ̀nà kankan wà tá a lè fi gba àwòrán ìka wọn padà?

Ẹ jọ̀ọ́, Màmá ń béèrè ìpara orúnkún. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ọmọkùnrin náà ní òun ń padà bọ̀, Màmá sì ti gbé omi sínú fíríìjì dè é.

Ọmọ yín,
Ọpẹ́olúwa