Ìyá Ẹ-Wá-Jẹun: Ìyá Tó Fi Ìkòkò Kó Wa Jọ

Nínú ilé kan létí odò, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ni a ti bí ìyá wa ní ọdún 1943. Bíríkìlà ni bàbá wọn, àwọn fúnra wọn ló mọ ilé náà; ìyá wọn sì ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ kẹta nínú ọmọ méje ni wọ́n, àwọn nìkan ni kì í sì í sá fún èéfín. Wọ́n máa ń sọ pé ohun tí àwọn kọ́kọ́ rántí láyé ni ọwọ́ ìyá àwọn tó ń ro ọbẹ̀, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé, tí gbogbo ilé rí bí ojú àlá.

Wọ́n jáde ìwé mẹ́fà ní ọdún 1956, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ. Aṣọ tí wọ́n ń rán kì í fi bẹ́ẹ̀ gún. Kí Ọlọ́run má bínú sí wa, òótọ́ ni. Ní ọdún 1965 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, wẹ́dà, èèyàn jẹ́jẹ́ tó jẹ́ pé oúnjẹ nìkan ló ń mú wọn sáré. Iṣẹ́ gbé bàbá sọdá òkun lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1968, ìyá pọn àkọ́bí wọn, wọ́n gbé àpótí kan, wọ́n tẹ̀ lé ọkọ wọn. Ìyá tó bí wọn sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, àwọn méjèèjì kò sì fojú kan ara wọn mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n wọra. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi lè jáde nílé wọn láìjẹun.

Ibi ìfọṣọ ọsibítù ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí wọ́n ń ká aṣọ ibùsùn láàárín ooru funfun, tí èdè tí wọ́n ń sọ láyìíká wọn ń kọjá lọ lórí wọn bí afẹ́fẹ́. "Ẹ wá jẹun" ni gbólóhùn tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ sọ dáadáa ní èdè náà. Wọ́n sọ ọ́ fún ọ̀gá, wọ́n sọ ọ́ fún ará ilé kejì, wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ fún ẹni tó wá ka mítà iná. Bí wọ́n ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Ẹni ìgbàgbọ́ ni wọ́n. Àdúrà wọn lórí oúnjẹ a máa gùn títí ọbẹ̀ á fi tutù. Àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé sùn sí pálọ̀ wọn títí wọ́n fi rí iṣẹ́. "Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe," ìyá á wí, wọ́n á sì bu ìrẹsì sí i. Nígbà tí bàbá wa jáde láyé ní ọdún 2010, tí iṣẹ́ ti fọ́n àwa ọmọ káàkiri, oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń kó wa jọ.

Ní ọdún 2017, àìsàn kan dá wọn gúnlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n dìde, ẹnu wọn kò mọ adùn mọ́, imú wọn kò sì gbóòórùn. Wọn kò sọ fún ẹnì kankan. Wọ́n ń fi ojú wo ata, wọ́n ń fi etí gbọ́ òróró. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A tọ́ ọ wò, a wojú ara wa, a sì jẹ ẹ́. Ọmọ wo ló máa la ẹnu sọ fún ìyá rẹ̀ pé iyọ̀ ló sè? Ọkọ àbíkẹ́yìn wọn, àna tuntun, tilẹ̀ ní kí wọ́n bù sí i fún òun, nítorí àpọ́nlé. Èèmọ̀!

Jọ́ọ̀gì omi ló tú wa fó. Nígbà tí ìyá bu omi kún un lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n dúró, wọ́n wojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wọ ilé ìdáná lọ. Àkọ́bí wọn, tó jẹ́ obìnrin, bá wọn níbẹ̀ tí wọ́n ń sunkún.

"Ẹnu mi ti kú," ni wọ́n wí. "Bí mo bá gbé ṣíbí sílẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ wá ṣe níbí? Ilé yìí á tú."

"Màámi, ẹ mú ṣíbí wá. Mà á máa bá yín tọ́ ọ wò."

Ọdún mẹ́rin ni àkọ́bí fi ṣe ahọ́n fún ìyá rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù náà kò kúrò lọ́kàn wọn.

Ní ọdún 2021, ẹsẹ̀ kò gbé wọn mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí wọn kò dáná, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn sọ fún wa pé wọ́n kọjú sí ògiri láti àárọ̀, wọ́n ń tẹ́tí sí ilẹ̀kùn. Aago kan lù. Aago kan ààbọ̀ lù. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ṣí, gbogbo wa sì ya wọlé, tọmọ tọmọ-ọmọ. Àwọn kan jókòó sórí ibùsùn, àwọn kan sílẹ̀, a ń jẹ búrẹ́dì lásán, ìmọ́lẹ̀ sì rọra ń gba ara aṣọ fèrèsé wọlé.

"Kò sóúnjẹ o," ni ìyá wí.

Ọkọ àbíkẹ́yìn wọn ní, "Màmá, ẹ̀yin la wá wò. Ta ló máa torí ọbẹ̀ oníyọ̀ yẹn wọ ọkọ̀ ojú irin wákàtí méjì?"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ẹ̀yin ọ̀dàlẹ̀ wọ̀nyí! Láti gbogbo ọjọ́ yìí wá, mo rò pé ikùn yín ni mò ń pè."

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọdún 2022, ní ọ̀sán, láìjẹ̀rora. Ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì ni wọ́n fi sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn àna, àti àwọn tó sùn sí pálọ̀ wọn rí, tí a kò lè kà tán.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, a pé jọ nílé wọn. Kò sẹ́ni tó dáná, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ lọ. Ìyá wa, ilé ò tú. Ẹ sùn re o.