Ọwọ́ Kan Ṣoṣo Tí Ilé Wa Ní: Ìhágún Tàjùdéèn Bádéjọ, Lotto, Mowe

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Èmi, Tàjùdéèn Ọlágòkè Bádéjọ, oníṣẹ́ jọrinjọrin ní àdúgbò Lotto, Mowe, ọmọ bíbí Ifọ̀, ọkọ Mùnírátù Kòfowórọlá láti Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé, ara mi le, kò sí ẹni tó fipá mú mi. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí ẹ̀rín sọ pé orí mi kò pé. Ẹ̀rín ọkọ ìyàwó ni.

Kí ẹ̀rù má ba ìyá mi, n kò ṣàìsàn. Alfa tó so yìgì wa ló wàásù lọ́jọ́ náà pé Mùsùlùmí tó bá ní ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀ kò gbọdọ̀ sun oorun òru méjì láìkọ ìhágún rẹ̀. Àwọn èèyàn ń mi orí, wọ́n ń wo ìrẹsì. Èmi gbọ́ ọ dáadáa, nítorí ọjọ́ náà gan-an ni mo kọ́kọ́ ní ohun tí yóò dùn mí láti fi sílẹ̀. Mo ti sun ju òru méjì lọ kí n tó kọ ọ́. Kí Ọlọ́hun foríjì mí, ìyàwó tuntun ló fà á.

Àwọn tí mo yàn láti mú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìbíwùnmí, tí wọn kì í gbàgbé nǹkan, àti ọ̀rẹ́ mi Sàhéèdì Ògúnkànmí, tí a jọ kọ́ṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà nítorí ẹrù mi. Bí ẹ bá máa jà, kí ó jẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù.

1. Ohun tí Ọlọ́hun ti pín fún ìyá mi, ìyàwó mi àti ẹ̀gbọ́n mi nínú ogún, n kò fọwọ́ kàn án. Inú ìdá kan nínú mẹ́ta tí ẹ̀sìn gbà mí láàyè láti fi tọrẹ ni gbogbo ẹ̀bùn tó wà nísàlẹ̀ yìí ti jáde.

2. Ilé: n kò tíì kọ́lé. Yàrá kan àti pálọ̀ ni a háyà. Ṣùgbọ́n irin ojú fèrèsé tí mo jó síbẹ̀, tó ní àwòrán bọ́ọ̀lù láàárín, mo fi í sílẹ̀ fún onílé. Òdòdó ni Kòfowórọlá ní kí n fi sí i. Bí Ọlọ́hun bá fún mi ní ẹ̀mí gígùn, màá fi òdòdó sí ti ilé tiwa.

3. Ẹ̀rọ jọrinjọrin mi, òòlù, ayùn irin àti góògù dúdú, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún Sàhéèdì.

Kí ó mọ̀ pé mo fi fún un pẹ̀lú ìfẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti Ìléyá ni a ti ń bára wa fa ọ̀rọ̀ kóòṣì. Ìràwọ̀ Lotto, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa, kò mọ ohun tó ń jẹ́ borí mọ́. Ìbàfò nà wá. Ifọ̀ nà wá níṣojú ìyá tó bí mi. Sàhéèdì ní kí Kóòṣì Olúgbádé máa lọ, pé ẹni tó ń rì kì í kọ́ni ní wíwẹ̀. Mo ní ọkọ̀ tó bá takú, títì là ń tì í, a kì í dáná sun ún. Ó ní, “Tájù, ìwọ máa tì í lọ, kí o tì í dé Ìbàdàn.” Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò béèrè bóyá mo ti dé Ìbàdàn.

4. Òpó góòlù méjèèjì tó wà ní pápá Lotto, tí èmi jó, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún Ìràwọ̀ Lotto títí láé.

Ìdí òpó yẹn ni mo ti pàdé ìyàwó mi. Òun ni télọ̀ tó ń rán nọ́ńbà sí aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wa. Ó ń kọjá lọ, ó dúró, ó ní, “Bùrọ̀dá, irin òkè yín ti wọ́ o.” Mo ní, “Àǹtí, ẹ máa lọ rán ṣòkòtò yín.” Ó fa tépù yọ lọ́rùn, ó wọn ọ̀tún, ó wọn òsì. Irin wọ́ lóòótọ́. Mo tú u, mo tún un jó. Kí iná tó kú, mo ti mọ orúkọ rẹ̀, mo ti mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì ti mọ̀ pé òun náà fẹ́ kí kóòṣì lọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan ni kò wù mí nínú rẹ̀.

5. Ewúrẹ́ mi tó wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ifọ̀, tí à ń pè ní Pẹ́náritì, mo fi í sílẹ̀ fún Kóòṣì Olúgbádé. Ewúrẹ́ náà ló jẹ àwọ̀n góòlù wa àkọ́kọ́ nígbà tó ṣì wà ní Lotto, kóòṣì sì ní kí n má pa á, pé ẹran tó bá fẹ́ràn àwọ̀n tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù.

Báyìí ni kóòṣì ṣe rí. Ààtàn ni pápá wa tẹ́lẹ̀. Kóòṣì Olúgbádé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì. Pákó ni wọ́n ń tà, ọmọ Ọ̀ṣun ni wọ́n, wọn kò sì ní òfin ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí kò bá wá sí ìgbáradì àárọ̀ kùtù, kò ní gbá bọ́ọ̀lù. Òfin dáa. Ṣùgbọ́n Muqtadir àti àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ní Lotto, Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti wà nínú ọkọ̀. Àwọn tó kù ń wá ní àárọ̀, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì ń nà wá. Nítorí èyí ni ìdajì wa fi ń pariwo “Ó yá, ẹ máa lọ!” tí ìdajì sì ń pariwo “Ẹ dúró síbẹ̀!”

Èmi wà lára àwọn tó ní kí wọ́n dúró, n kò sì fi pamọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ju bọ́ọ̀lù lọ. Bàbá mi ti kú. Nígbà tí ó tó àkókò láti lọ tọrọ Kòfowórọlá ní Ifọ̀, Kóòṣì Olúgbádé ni wọ́n ṣe bàbá fún mi. Wọ́n bá mi dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú eékún tó ń dùn wọ́n, èmi àti Sàhéèdì la fà wọ́n dìde.

6. Ọwọ́ wa nínú Ẹgbẹ́ Alátìlẹ́yìn Ìràwọ̀ Lotto.

Òfin ẹgbẹ́ ni pé bí a bá ń nawọ́ dìbò, ilé kan, ọwọ́ kan. Nígbà tí mo jẹ́ àpọ́n, mo ní ọwọ́ tèmi. Kòfowórọlá ní tirẹ̀. Mo ń pa tirẹ̀, ó ń pa tèmi, a ń fẹ́ra wa lọ. Nínú gbogbo ètò ìyàwó tí a ṣe, kò sí ẹni tó rántí òfin yìí. Bí alfa ṣe so yìgì tán ni alága wa, Bàbá Ayọ̀wálé, kígbe láti ibi tí wọ́n jókòó sí: “Ẹ kú oríire o! Ó ti di ọwọ́ kan!” Ọkọ wo ìyàwó, ìyàwó wo ọkọ. Àwọn ará Lotto rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi tutù.

Òní ni ìpàdé tí wọn yóò ti dá ẹjọ́ kóòṣì. Apá méjèèjì dọ́gba. Ọwọ́ ilé wa ló kù. Bí a bá lé kóòṣì, ojú wo ni n ó fi wo ẹni tó dọ̀bálẹ̀ nítorí mi? Bí mo bá sì fi agbára ọkọ gba ọwọ́ náà, ojú wo ni Kòfowórọlá yóò fi wò mí? Mo rò ó títí. Obìnrin yìí ló fi tépù wọn òpó mi, òpó sì wọ́ lóòótọ́.

Nítorí náà, mo fi ọwọ́ ilé wa fún Mùnírátù Kòfowórọlá, ìyàwó mi, láti òní lọ, kí n tó kú rárá. Kò sí àdéhùn kankan lórí rẹ̀. Mo ti ka ìpín yìí sí i létí. Ó ń wé gèlè.

Mo gbé bírò sílẹ̀ níhìn-ín lọ sí ìpàdé. Mo ti dé, mo sì tún ti gbé e.

Abẹ́ igi fúrúùtù tó wà létí pápá la ti ṣe é. Alága ní kí àwọn tó fẹ́ kí kóòṣì lọ nawọ́. Sàhéèdì fẹ́rẹ̀ẹ́ na ẹsẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ Kòfowórọlá wà lábẹ́ ìborùn. Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ kí wọ́n dúró nawọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Alága ní, “Ìyàwó, ọwọ́ dà?”

Kòfowórọlá lọ kúnlẹ̀ níwájú Kóòṣì Olúgbádé. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ti wà lójú ọ̀nà Èkó kí ẹ tó fọn fèrè yín. Ṣé a kò lè ṣe ìgbáradì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá wà nílé ni?”

Kóòṣì họrí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ máa lọ àti ẹ dúró ni mò ń gbọ́ láti Ìléyá.” Wọ́n wo Muqtadir. “Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ńkọ́, ṣé wàá wá?” Muqtadir ní, “Ẹ̀yin ẹ ṣáà má fọn fèrè ní àárọ̀, sà.”

Ìyàwó mi dìde, ó fa ọwọ́ mi, ó gbé e sókè mọ́ tirẹ̀ pé kí kóòṣì dúró. Sàhéèdì fò sókè: “Alága, ọwọ́ méjì nìyẹn!” Bàbá Ayọ̀wálé ní, “Ilé kan ni, ọwọ́ kan ni. Mo ti kà á.”

7. Àtúnṣe sí ìpín karùn-ún. Mo bẹ Kóòṣì Olúgbádé kí wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí sí ìwé yìí. Ẹ̀gbọ́n mi Ìbíwùnmí ní ẹni tó bá jogún nínú ìhágún kò lè ṣe ẹlẹ́rìí sí i, kí wọ́n mú ọ̀kan. Kóòṣì ní kí a mú ewúrẹ́ lọ, pé àwọn fẹ́ kí orúkọ àwọn wà lábẹ́ ìwé yìí, kí iṣẹ́ àwọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, mo fi Pẹ́náritì sílẹ̀ fún Sàhéèdì, kí àwọn méjèèjì jọ máa pariwo.

Mo buwọ́ lù ú ní Lotto, Mowe, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá, ọdún 2025, nígbà tí ìyàwó mi ń pè mí pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Tàjùdéèn Ọlágòkè Bádéjọ

Níṣojú:

Ayọ̀wálé Ọmọ́títí, alága Ẹgbẹ́ Alátìlẹ́yìn

Olúgbádé Adéṣínà, akọ́nimọ̀ọ́gbá Ìràwọ̀ Lotto