Sọ Àléébù Méjì

Ọjọ́ Ajé, 4 Máàṣì 1996

Kíláàsì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Gbọ̀ngàn kan ní Barnawa, nílẹ̀ Hausa níbí, fáànù mẹ́ta, ọ̀kan ló ń yí — ìyẹn nígbà tí NEPA bá fẹ́. Gbogbo wa fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí tí èèyàn fi ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ íńtánáṣọ́nà lókè òkun. Òyìnbó tó ń kọ́ wa ń jẹ́ Harriet. Kó tó la ẹnu, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. Ìyá Aago ni mo sọ ọ́.

Ó ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Gaborone, ní Botswana, ń wá olùkọ́. Ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gba ipò kìíní láàárín wa ni wọ́n máa mú. Ọjọ́ orí kò kàn wọ́n.

Èmi ni. Mo ti sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pariwo sórí ọgọ́rin ọmọ nínú kíláàsì kan, tí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè, wọ́n á fi Hausa dá mi lóhùn. Ó tó gẹ́ẹ́.

Àfi ìgbà tí mo wo àga iwájú. Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé! Hẹdimásítà wa ní pírámárì! Bàbá Ṣọ́ọ̀kì, bí a ṣe ń pè é lẹ́yìn nígbà náà, nínú ṣúùtì aláwọ̀ eérú kan náà. Kí ló ń wá níbí? Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Jádesọ́lá, jókòó dáadáa." Mo sì jókòó dáadáa. Inú bí mi pé mo jókòó dáadáa.

Màámi ní àgbàlagbà ni wọ́n, kí n máa pè wọ́n ní "wọ́n". Lójú ayé, mo gbọ́. Níbí, "ó" ni. Ìwé kò lè gbá mi létí.

Ọjọ́rú, 6 Máàṣì

Ẹ gbọ́ ohun tí Ìyá Aago mú wá. Àwọn àgbàlagbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi dánra wò — awakọ̀, ìyàwó ilé, oníṣòwò láti àdúgbò Rigasa. Tí ẹnì kan nínú wa bá kọ́ wọn tán, ẹni tí wọ́n yàn tì í á dìde, á sọ àléébù méjì tó rí nínú ẹ̀kọ́ náà. Lójú rẹ̀. Lójú gbogbo wa. Máàkì ńlá wà níbẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá lè rí àléébù ẹlòmíràn kò ní rí tirẹ̀.

Gbogbo wa ń wo ilẹ̀. Ní ilẹ̀ yìí? Rose, ọmọ Kafanchan tó jókòó tì mí, ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó ní ọ̀gbẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ni tán gbìyànjú gan-an, kí Ọlọ́run bù kún un. Ìyá Aago kọ òdo. Ojú Rose pọ́n. Mo fẹ́ràn Rose, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò jí pépé.

Ọjọ́bọ̀, 7 Máàṣì

Bàbá Ṣọ́ọ̀kì pè mí sábẹ́ dógóyárò nígbà ìsinmi, ó fún mi ní kúlíkúlí. Ọláfúnkẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Gaborone, nọ́ọ̀sì ni. Ó ti bímọ níbẹ̀. Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí, Bàbá kò tíì fojú kàn án. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, rédíò ló ń bá sọ̀rọ̀ nílé. Ó ní tí òun bá rí iṣẹ́ yìí gbà, òun á máa di ọmọ náà lọ́wọ́ mú lọ sílé ẹ̀kọ́ láràárọ̀.

Mo jẹ kúlíkúlí rẹ̀ tán. Mo ní, "Ọlọ́run á ṣe é, sà." Nínú mi, mo ní kò ní ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Máàṣì

Kò síná, kò sómi. Èmi ni máàkì mi ga jù. Bàbá Ṣọ́ọ̀kì ló tẹ̀lé mi, bí èémí sí ọrùn.

Ọjọ́ Ajé, 11 Máàṣì

Ìyá Aago ka orúkọ àwọn tí yóò sọ àléébù ara wọn. Èmi àti Bàbá Ṣọ́ọ̀kì. Yéè! Òun ni yóò kọ́ni lọ́la, èmi lọ́túnla. Rose fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Kai, Jáde. Sannu." Bíi pé òkú ló kú fún mi.

Òkú kọ́. Ọ̀nà ló là.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Máàṣì

Bàbá Ṣọ́ọ̀kì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀nà. Ẹ̀kọ́ náà dára. Mo lè kọ ìyẹn síbí. Ó bi Hajiya kan láti Rigasa ní ìbéèrè, obìnrin náà fi híjáàbù bo ẹnu, kò fọhùn. Bàbá dúró dè é. Ó dúró títí ara fi ń yún èmi tí mo jókòó. Níkẹyìn obìnrin náà sọ̀rọ̀, kò sì ṣì í.

Ó wá kàn mí. Àléébù méjì. Mo dìde. Mo ní wọ́n ń kọ́ni bí ẹni ń ṣe ìwàásù. Mo ní wọ́n dẹ́rù ba Hajiya yẹn, ṣé ẹ ò rí i bó ṣe bo ẹnu ni?

Méjì ti pé. Ó yẹ kí n jókòó. N kò jókòó, ẹnu mi ti ń dùn mọ́ mi. Mo ní hẹdimásítà mi nìyí, mo mọ̀ wọ́n, ìbẹ̀rù ni wọ́n fi kọ́ wa láti kékeré, Gẹ̀ẹ́sì tí a gbọ́, àwa la wá a fúnra wa. Mo ní bí wọ́n ṣe ń rìn nínú kíláàsì pàápàá, kò sí ọmọ tí kò ní sá. Mo wá rìn ín fún wọn. Ọwọ́ lẹ́yìn, àyà síwájú, ẹsẹ̀ ọ̀tún tó máa ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀.

Rose ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn tẹ̀lé e. Àwọn ará Rigasa kò gbọ́ ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n wọ́n rí ìrìn náà, ó yé wọn. Hajiya nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ yẹn, àrùn rọpárọsẹ̀ ló bá a jà lọ́dún tí ìyàwó rẹ̀ kú. Mo mọ̀. Gbogbo ìjọ ló gbàdúrà fún un, èmi náà ṣe àmín.

Bàbá Ṣọ́ọ̀kì gbọn ẹfun kúrò lọ́wọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Máàkì kíkún ni Ìyá Aago fún mi. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́rú, 13 Máàṣì

Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń nájà. Ó lọ geere. Bàbá Ṣọ́ọ̀kì jókòó lẹ́yìn, kò ṣíjú kúrò lára mi.

Wọ́n ní kó sọ àléébù méjì. Ó dìde, ó ní, ọmọ òun ni, ó ṣe dáadáa. Ìyá Aago ní méjì, sà. Ó ní òun kò ní. Ọ̀kan ńkọ́? Ó ní níbi tí òun ti wá, ẹni tó tọ́ ọmọ kì í tú u síhòòhò láàárín ọjà. Ó jókòó.

Òdo. Mo fi ojú mi rí i tó ń kọ ọ́. Ẹ wo àgbàlagbà! Pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò nà mí. Ìyẹn kàn án.

Ọjọ́bọ̀, 14 Máàṣì

Rose wá sílé wa, ó rin ìrìn Bàbá Ṣọ́ọ̀kì fún Màámi. Òpè yẹn rò pé Màámi á rẹ́rìn-ín.

Màámi pa tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi ní ABD. Wọ́n ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ìwọ, ẹsẹ̀ lo fi júwe tìrẹ. Mo ní ìdánwò ni, Màámi. Wọ́n ní kò burú, àwọn náà ti fún mi ní máàkì.

Ọjọ́ Ajé, 18 Máàṣì

Ipò kìíní! Èmi ni! Gaborone!

Bàbá Ṣọ́ọ̀kì já. Òdo yẹn ló fà á lulẹ̀. Ìyá Aago ní bí kì í bá ṣe tìyẹn ni, Bàbá ni ì bá ṣe ipò kìíní. Obìnrin yẹn kò mọ ohun tí a ń fi pamọ́. Bàbá bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn, ó kí mi kú oríire.

Ọjọ́rú, 20 Máàṣì

Màámi kò jẹ oúnjẹ tí mo sè. Wọ́n ní inú àwọn kún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Máàṣì

Màámi sìn mí dé ẹnu géètì Bàbá Ṣọ́ọ̀kì, wọ́n yí padà. N kò wá bẹ̀bẹ̀ látọkàn. Mo wá kí Màámi lè jẹun.

Mo kúnlẹ̀. Bàbá ní kí n dìde, eruku wà nílẹ̀. Wọ́n bu kunu fún mi mu. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí, pé ìrìn náà tiẹ̀ jọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi. Ara tù mí. Òmùgọ̀ ni mí, ara tù mí débi pé mo béèrè bóyá lóòótọ́ ni wọn kò rí àléébù kankan nínú ẹ̀kọ́ mi.

Wọ́n ní àwọn rí i. Ọ̀kan ni. Ó ti wà lára mi láti kékeré, àwọn rò pé mo ti kúrò nídìí rẹ̀. Harriet kò lè rí i, ìgbà wo ló mọ̀ mí? Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Gaborone á rí i lọ́jọ́ kìíní. Wọn ò ní sọ fún mi. Wọ́n á kàn máa wò mí.

Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni? Wọ́n béèrè bóyá ṣúgà inú kunu náà tó.

Mo ní, ẹ dákun. Wọ́n ní, "Jádesọ́lá, tí mo bá sọ ọ́, ẹ̀rù á bà ọ́. O sì ti sọ fún gbogbo ayé pé ìbẹ̀rù ni mo fi kọ́ ọ. N ò ní kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo tún kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ lóòótọ́. Mo di etí ṣòkòtò wọn mú. Wọ́n rọra yọ ọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n wọlé, mo gbọ́ tí wọ́n tan rédíò. Láti inú ilé, wọ́n ní tí mo bá dé ọ̀hún, kí n bá àwọn kí Ọláfúnkẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Máàṣì

Bóyá irọ́ ni Bàbá pa. Wọn kì í purọ́.

Mo kọ́ dígí ní Gẹ̀ẹ́sì látàárọ̀. Màámi ti ń jẹun, wọ́n ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Rose ní òun kò rí nǹkan kan lára mi. Rose! Ẹni tó gba òdo!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Máàṣì

Tíkẹ́ẹ̀tì ti dé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń lọ.

Mo wọ kíláàsì SS2 lónìí, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, mo gbọ́ ohùn ara mi. Ṣé ohùn ni? Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ṣé ibi tí mò ń wò ni? Mo wo ibòmíràn. Ṣé bí mo ṣe ń pè wọ́n ni, àbí bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn? Mo dúró láàárín gbólóhùn. Mo wá ọ̀rọ̀ tó kàn, kò wá. Mo tún wá a.

Ariwo wọn rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Adéṣẹwà tó jókòó níwájú ní, "Ántí, lafiya?" Ọgọ́rin ọmọ dákẹ́, wọ́n kàn ń wò mí.