Búrẹ́dì Tí Uswat Ń Gbé Lé Mi Lọ́wọ́

Àǹtí wa, olóòtú ètò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí wọ́n ń gbọ́ yín ládùúgbò wa.

Ilé búrẹ́dì kan ní Agége ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká pè é ní Uswat, la jọ ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Ó di oṣù mẹ́ta tá a ti jọ pinnu pé a fẹ́ fọn, pé a ò ní jẹ búrẹ́dì mọ́. Ṣùgbọ́n tá a bá ti ṣíwọ́, wọ́n máa ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní búrẹ́dì gbígbóná kan. Tá a bá dé ẹnu géètì, Uswat á gbé tiẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Méjèèjì ni mo máa ń jẹ tán kí n tó délé.

Ní báyìí, pín-ìnì ni Uswat fi ń há síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́dìí. Síìpù tèmi ò pa dé mọ́. Ọ̀gá wa á ní, "Uswat, o ti di sísí tuntun o!" Wọ́n á wá wò mí látòkè délẹ̀. Mò ń jowú rẹ̀ gan-an. Mo gbà pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ ń bọ́ mi sanra.

Lánàá, mo bi í léèrè. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, tó bá fi lè wọ yàrá mi, màá jẹ ẹ́ ni. Ìwọ lo lè kó ara ẹ níjàánu. Ṣebí àwọn ọmọ ilé yín lò ń pín in fún?"

Àǹtí wa, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un ni, àbí kí n kàn kọ búrẹ́dì rẹ̀, kó máa gbé e wọ yàrá? Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i. Kí n má purọ́, èkejì ló ń wù mí.