Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kò Lè Pè

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ilé Tó Kọjú sí Ibùdókọ̀.
                                        Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́rìn-ín,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Baálé rẹ ńkọ́? Ọmọ ọwọ́ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń rákò? Ara èmi àti ọkọ mi le, àmọ́ ọkàn mi ni kò fìdí kalẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí ni mo ti ń dìde lọ síbi fèrèsé, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí mo ń wá níbẹ̀. Bí o bá rí ibi tí bírò ti yà bàrá, fojú fò ó.

O mọ̀ pé ìgbéyàwó ló gbé mi dé orílẹ̀-èdè ọkọ mi yìí. Ohun tí n kò tíì sọ fún ọ ni pé ìjọba wọn kì í ṣàdédé gba àjèjì. Wọ́n á pè ọ́ sí ọ́fíìsì, wọ́n á bi ọ́ léèrè àwọn tó dá orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀. Bí o bá mọ̀ ọ́n, o di ọmọ ilé. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, o padà síbi tí o ti wá, ó sì lè pẹ́ kí o tó fojú kan ọkọ rẹ. Ọ̀rẹ́ mi, ìgbà wo ni mo tiẹ̀ dé ilé ọkọ!

Ìwé tí wọ́n ní kí n kà nípọn bí búrẹ́dì, ìwọ náà sì mọ ibi tí mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni oorun ti gbé mi lọ. Ìyá ọkọ mi ló ní kí n pa á dé, pé wọ́n ń ṣe eré ìtàn àwọn àgbà yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá ti dé láti ilé ìfọṣọ tí mo ti ń lọ aṣọ, àwa méjèèjì á jókòó tì í. Eré yẹn dùn! Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹni tó kọ òfin wọn lọ sẹ́wọ̀n, mo sunkún bíi pé baba mi ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé. O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, Adúmáadán ni mò ń pè é. Àwọn àgbà inú eré yìí wá ti wà kí wọ́n tó bí baba ọkọ mi, ṣé èmi ni n ó wá la ẹnu pe orúkọ wọn? Mo bá fún wọn ní tèmi. Ẹni tó kọ òfin, tó máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, Baba Oníkọ́. Olórí wọn àkọ́kọ́, Arẹwà-Má-Rẹ́rìn-ín. Ìyá wa gbádùn rẹ̀, àwọn náà ń bá mi pè é. "Ìyàwó, sáré o, wọ́n ti fẹ́ mú Baba Oníkọ́!"

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo lọ. Akọ̀wé obìnrin kan ló jókòó níwájú mi. Ó ní, "Ta ló kọ òfin wa?" Inú mi dùn, mo mọ̀ ọ́n! Mo la ẹnu, Baba Oníkọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Ìyàwó wọn ló ta ibùsùn kí wọ́n lè ra tàdáwà."

Ó wò mí. "Ti ibùsùn yẹn, àwọn eléré ló fi kún un. Orúkọ ni mo bi ọ́."

Orúkọ kò jáde. Ó bi mí ní ti olórí àkọ́kọ́, mo ní ọkùnrin arẹwà kan tí kì í rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu òun náà, ó gbé e mì. Ó ní kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀ yìí, àmọ́ ìyẹn ni àṣemọ. Wọ́n ní ètè àìmétè ló ń kó bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi, ètè tí mo pa mọ́ jù ló kó bá mi. Ọkọ mi kò bá mi wí. Kò sáà jẹun tán.

Lánàá ni Ìyá wa pè mí sí ilé ìdáná. "Ìyàwó, pe orúkọ mi."

Mo rò pé mo ṣẹ̀ wọ́n ni. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde jàre! Ṣebí èmi ni mo jókòó tì ọ́ tí a jọ ń fún àwọn àgbààgbà lórúkọ àlàjẹ́. Ìtìjú ló so ọ́ lẹ́nu. Bí o bá lè pe tèmi, ti ta ni yóò tún wúwo?"

Mo ní n kò lè ṣe é.

"Tí wọ́n bá wá lé ọ lọ, ta ni yóò máa kí mi láàárọ̀?"

Ohùn wọn yí padà. Mo bá dijú, mo pe orúkọ wọn ketekete, láìsí màmá níwájú rẹ̀. Ni wọ́n bá dáhùn bí ọmọ ilé-ìwé: "Mà!"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ìwé tó nípọn yẹn, wọ́n ń ka orúkọ, mo ń pè é tẹ̀lé wọn. Lónìí, bí mo ṣe ń lọ aṣọ ni mò ń pè wọ́n lábẹ́lẹ̀, títí ọ̀gá mi fi bi mí pé àwọn wo ni mò ń ṣépè fún.

Ọ̀túnla ni. Bá mi rántí rẹ̀ nínú àdúrà. Bá mi kí Màmá àti gbogbo àwọn tí a jọ ń pọn omi nígbà yẹn. Ìyá wa ti ń ké pè mí nísàlẹ̀ báyìí pé eré ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò pè é ní Baba Oníkọ́ mọ́. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an ni wọ́n ń ké, èmi náà sì ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú rẹ̀ láti òkè níbí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ìdí rẹ̀ kò gbé àga,

Ẹlẹ́nu-Wúwo.